Ọkọ Rere Lára Òkúta

Gbogbo àdúgbò ló ń pe bàbá ọkọ mi ní Èrò-Ọ̀run. Wọn ò fi ń bú u o, òun ló fún ara ẹ̀ lórúkọ. Tẹ́ ẹ bá kí i pé, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀," á ní, "Àárọ̀ ayé nìyí, ti ọ̀run ló kù." Tẹ́ ẹ bá bi í pé ilé ńkọ́, á na ìka sókè, ẹ ó rò pé òrùlé ló fẹ́ fi hàn yín. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ irú mi, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó ń fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun, ẹ ó kọ́kọ́ máa bá a wòkè. Nígbà tó bá yá, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín.

Òkúta orí sàréè ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Tí èèyàn bá kú, tí àwọn ará ilé ẹ̀ fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sára òkúta, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé e wá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà níwájú ilé, yàrá òun àti Màámi wà láàárín, tèmi àti ọkọ mi wà lẹ́yìn. Láti àárọ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ kò, kò, kò, òòlù lórí irin ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ. Ọmọ mi ò lè sùn tí kò bá gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin ni, Ọ̀gá là ń pè é, torí láti ọjọ́ tó ti dé, kò sẹ́ni tó tún dá nǹkan kan ṣe nínú ilé yìí láìgba àṣẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nìkan, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó gbàgbé ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n pa ti Ọ̀gá tì ná, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀, a ò ní dé ọ̀dọ̀ Bàbá lónìí.

Eruku òkúta yẹn, kò síbi tí kì í dé. Orí àga, inú ife, ara aṣọ tá a sá. Màámi ló ń nù ún. Á nù ún láàárọ̀, á tún nù ún lọ́sàn-án. Bàbá á kọjá lára ẹ̀, á ní, "Ìyá wọn, erùpẹ̀ ni gbogbo wa." Màámi á ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀, kí n nu abẹ́ ẹ̀."

Ohun tó máa ń sọ sí gbogbo nǹkan ni pé, "Kí ni ìyẹn jẹ́ lójú ayérayé?" Ẹ̀rọ omi ń jò nílé ìdáná: kí ni ìyẹn jẹ́ lójú ayérayé. Ọmọ ń sunkún, ìyá ẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́, bóyá kí Bàbá bá wa gbé e fún ìṣẹ́jú kan: ẹkún ayé ni, kò ní pẹ́ tán. Ìgbà tí orúnkún Màámi wú, tí kò ṣeé tẹ̀, Bàbá jókòó tì í, ó fi odindi ọ̀sán sọ bí ara tuntun ṣe máa rí lọ́run fún un, pé oríkèé ibẹ̀ kì í wú. Ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní kí Màámi dìde lọ wá oúnjẹ fún òun.

Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì o. Èmi náà fẹ́ dé ọ̀run, mo sì fẹ́ kí Ọ̀gá débẹ̀. Àmọ́ ìgbà míì mo máa ń rò ó pé tí àwa àti Bàbá bá jọ dé ibẹ̀, ńṣe ló máa jókòó, á tún máa ronú ibòmíì.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn ni pé kò sẹ́ni tó mọ irọ́ ara òkúta tó Bàbá. Tá a bá ń jẹun, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ẹ̀ wà. "Ẹ ò rí ọkùnrin tí mò ń kọ tiẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n kọ pé ó lawọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá yá ọ ní ìgbálẹ̀, á gba eruku ẹ̀ padà." Obìnrin kan wà tí wọ́n ní kó kọ "ẹlẹ́nu dídùn" fún, Bàbá ní àwọn ará ilé ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yan òkúta tó nípọn jù ni, kí ẹnu ọ̀hún má baà tún là á jáde. Èmi àti ọkọ mi á rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lórí. Màámi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, "Ẹ sì kọ ọ́ fún wọn."

"Ohun tí wọ́n bá ní kí n kọ ni mò ń kọ," Bàbá ní. "Òkúta ò lẹ́nu, Ìyá wọn. Kì í bèèrè ìbéèrè."

Ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Amúra-Sílẹ̀. Pásítọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ètò wọn ni pé kí kálukú ṣe òkúta orí sàréè ara ẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí, kó gbé e síbi tójú ẹ̀ á ti máa rí i láràárọ̀, kó lè máa rántí pé ayé yìí kì í ṣe ibùgbé. Kò burú. Àmọ́ wọ́n ní òfin kan. Kí wọ́n tó gbàdúrà lé òkúta náà, ẹni tó ń bá olókùúta gbélé gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kó kà á sókè, tó bá ti parí ìlà kan kó ní, "Òótọ́ ni." Ìlà tí kò bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀ sí, kò sí àdúrà títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbọ́n nínú wọn fi ń kọ orúkọ nìkan. Ta ló máa jiyàn orúkọ? Àwọn tó bá fẹ́ fi nǹkan kún un, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ti ìyàwó tàbí ọkọ wọn, wọ́n á dúnàádúrà bí ẹni ń ra aṣọ, kí wọ́n tó lọ bá Bàbá pé kó gbẹ́ ẹ.

Bàbá ò bá ẹnì kankan dúnàádúrà. Òun fúnra ẹ̀ ló ni irin, òun ló ni òòlù. Ó wá òkúta dúdú kan tó ń dán bí ojú omi, ó fi oṣù bíi mélòó kan gbẹ́ ẹ, ó kun inú lẹ́tà ẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ góòlù. Orúkọ ẹ̀ ló wà lókè gàgàrà. Lábẹ́ ẹ̀ ló kọ ọ́ pé: Èrò ọ̀run ni. Ọkọ rere ni. Ó gbé inú ayé bí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Aṣọ ìnujú ara ẹ̀ ló fi ń nù ún láràárọ̀, Bàbá tí mi ò rí kó nu ife rí.

Kì í ṣe ẹwà òkúta nìkan ló ń lé o. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ nílùú míì, gbogbo ẹnu sì ti kò pé Bàbá ni wọ́n máa fi jẹ. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n bá gbàdúrà lé òkúta ẹ̀ náà ni wọ́n máa fi í jẹ olórí. Ó kù kí Màámi kà á.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀ ni Bàbá pe Màámi sí ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá wọn, wá wo nǹkan." Màámi mú àkísà ìnulẹ̀ dání, ó rò pé eruku ni. Èmi wà níbẹ̀, Ọ̀gá wà lẹ́yìn mi, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

Màámi wọ awò ojú ẹ̀. Ó ka orúkọ. "Òótọ́ ni." Ó ka èrò ọ̀run ni. "Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń lọ." Ó wá ka ti ìsàlẹ̀ pátápátá, pé ó gbé inú ayé bí ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èyí ló tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ jù. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mi ò rí yín."

Inú Bàbá dùn, ó rò pé ìyìn ni. "O fo ọ̀kan," ó ní.

"Mo mọ̀ pé mo fò ó."

"Kà á nígbà náà."

"Mo ti kà á sínú. Ẹ yọ ọ́."

"Kí n yọ kí ni?"

"Ọkọ rere."

Bàbá wojú mi, bí ẹni pé mo máa bá a túmọ̀ ẹ̀. Mo yáa wòkè. Ó kúkú jẹ́ pé òun ló kọ́ mi.

"Ìyá wọn, ṣé mo lù ọ́ rí?"

"Ẹ ò lù mí rí."

"Ṣé mo fẹ́ obìnrin míì lé ọ?"

"Ẹ ò fẹ́."

"Ebi pa ọ́ nílé mi?"

"Kò pa mí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n ó kà á fún wọn: kò lù mí, kò fẹ́ òmíì, ebi ò pa mí. Òótọ́ ni n ó ní."

"Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń pè ní ọkọ rere?"

"Aládùúgbò rere nìyẹn, Bàbá wọn."

Bàbá fọwọ́ pa òkúta ẹ̀ lórí bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Òkúta ni, kì í ṣe ìwé tá a máa fi rọ́bà pa. Àfi ká fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, tá a bá sì lọ̀ ọ́, ojú ẹ̀ á jìn, gbogbo ayé á rí i. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ìwọ ṣáà wí i kó kọjá. Kí ni ìyẹn jẹ́ lójú ayé..."

"Ẹ wí i tán," Màámi ní. "Èmi náà fẹ́ mọ ohun tí irọ́ jẹ́ lójú ayérayé." Ó fi àkísà nu ẹsẹ̀ tábìlì kan, ó wọlé lọ.

Bàbá kọ́kọ́ lọ bá ọkọ mi níbi tó ti ń tún rédíò ṣe, pé kó bá òun dìde kà á. Ọkọ mi ò gbójú sókè. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti Màámi ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, mi ò sí níbẹ̀." Bàbá wá yí sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó, ìwọ lo kàwé jáde girama nínú ilé yìí. Ohùn ẹ tún já gaara. Wàá bá mi kà á."

"N ó kà á, Bàbá," mo ní. "Àmọ́ tí mo bá ní òótọ́ ni, tí wọ́n bi mí pé ibo lèmi ìyàwó ọmọ ti mọ̀ pé ọkọ rere ni yín, kí ni kí n wí? Ojú wo ni n ó fi wo Màámi? Ojú wo ni ọmọ yín á fi wò mí?" Bàbá ro ìbéèrè kẹta yẹn dáadáa. Ó ní kí n gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ rere. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ti Bàbá, òde ló ti kó o bọ̀, kò sì sí èyí tó bá ilé mu nínú ẹ̀. Ó yọjú sílé ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó ní, "Ìyá wọn, ọbẹ̀ yìí mà dùn." Màámi ní, "Omi ni. Mi ò tíì fi nǹkan kan sí i." Ó gbá yàrá Màámi, bàtà ṣọ́ọ̀bù ló sì wọ̀ gbá a, eruku tó kó wọlé ju èyí tó kó jáde lọ. Ó gba Ọ̀gá lọ́wọ́ mi, ó na apá méjèèjì gbé e jìnnà sára bí ẹni gbé òkúta tí ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọ̀gá wò ó, òun náà wo Ọ̀gá, Ọ̀gá sì tọ̀ sí i lára tìfẹ́tìfẹ́. Èyí tó wá burú jù ni ti ọ̀sán Ọjọ́rú, tí ọkùnrin kan wá gba òkúta ìyá ẹ̀, tójú ẹ̀ ṣì pọ́n fún ẹkún. Bàbá rí Màámi tó ń kọjá, ó gbóhùn sókè, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?" Màámi dúró. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Bàbá, ó bi í bóyá ibà ni.

Ẹ̀rín pa èmi àti ọkọ mi lọ́sẹ̀ yẹn débi pé à ń fi pílò bo ẹnu.

Ó di Fúráìdè, Bàbá tún fẹ́ bá Màámi gbé korobá omi, wọ́n jọ ń fa korobá mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, omi dà sílẹ̀. Màámi gbé e kalẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín, ó ti rẹ èmi náà. Ṣé ọ̀sẹ̀ kan yìí lẹ kọ sára òkúta ni? Gbogbo ayé mi lẹ kọ síbẹ̀."

Bàbá jókòó sórí àpótí. "Ṣé kò tiẹ̀ wá sí ọjọ́ kankan?"

"Ó wà," Màámi ní. "Mi ò ní purọ́ mọ́ yín. Àwọn ọjọ́ kan wà. Wọn ò kàn tó òkúta ni."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mo sọ. Ẹ̀ ń wòkè."

Bàbá fọwọ́ nu ojú, eruku òkúta tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sì kun iwájú orí ẹ̀. "Ìyá wọn," ó ní, "tí mo bá dé ọ̀run, tí wọ́n wá bi mí léèrè ẹ..." Àwàdà kúrò lẹ́nu mi. Mi ò rí ojú Bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni tó ti ń múra ìrìn àjò láti kékeré, tó wá dé ẹnu ibodè kó tó rántí pé ẹrù tí wọ́n fi rán òun, ilé ló wà. Màámi náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé omi ẹ̀, ó wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá tan ẹ̀rọ tó fi ń lọ òkúta. Ilé gbọ̀n rìrì, eruku gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá sùn fọnfọn. Mo rò pé á kọ nǹkan míì síbẹ̀, nǹkan tí ò ní wàhálà, bíi pé ó mọṣẹ́ ẹ̀. Nígbà tó pa ẹ̀rọ, mo lọ yọjú. Kò kọ nǹkan kan. Àárín òkúta jìn wọlé, ó rí bí ibi tí eyín ti yọ.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Ẹgbẹ́ jókòó sórí àga oníke, àwọn ọkọ níwájú, àwọn ìyàwó lẹ́yìn, òkúta Bàbá wà lórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni pé òun ló fẹ́ ṣèyàwó. Wọ́n ṣí i. Màámi dìde, ó ka orúkọ, ó ní òótọ́ ni. Ó ka èrò ọ̀run, ó ní òótọ́ ni. Ó dé ibi tó jìn, ó fò ó bí ẹni tó ń fo kòtò, ó ka ti ìsàlẹ̀, ó ní òótọ́ ni, ó fẹ́ jókòó.

Pásítọ̀ tẹ̀ síwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì gbéyàwó pẹ́. "Màámi, àárín yìí ńkọ́? Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Bàbá. Mo mọ ohun tí oníṣẹ́ òkúta máa ń sọ nírú àkókò yẹn. Òkúta ló lábùkù, wọ́n á ní, bá a ṣe rà á nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá fún àìmọye oníbàárà. Mò ń retí ẹ̀.

Bàbá dìde. "Ọkọ rere ni mo kọ síbẹ̀," ó ní. "Ìyàwó mi ní kì í ṣe òótọ́. Mo lọ̀ ọ́ dànù."

Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn, àga àwọn ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dún gìrọ́gìrọ́. Bàbá kan tí òkúta tiẹ̀ sọ pé onísùúrù ni, tí ìyàwó ẹ̀ ti jẹ́rìí sí i lóṣù tó kọjá, tẹjú mọ́ bàtà ara ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

"Ó dáa," Pásítọ̀ ní, àmọ́ ojú ẹ̀ ò sọ pé ó dáa. "Kí lẹ máa wá kọ síbẹ̀ báyìí, Bàbá?"

"Èmi ò kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó máa sọ ohun tí wọ́n máa kọ ló dúró yẹn. Tí mo bá kú, ẹ bi í."

Màámi yíjú sí i. "Tó bá wá jẹ́ èmi ni mo ṣáájú ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé bó ṣe ṣófo yìí ni n ó ṣe dúró níwájú Ọlọ́run."

"Ẹ yáa tètè bẹ̀rẹ̀," Màámi ní, ó sì jókòó.

Ìyàwó kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹ̀rín ta ni èwo. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó sì gé e kúrú.

Wọn ò fi Bàbá jẹ olórí. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ orúkọ nìkan ni wọ́n fi jẹ. Kò sí ẹ̀sùn kankan lára òkúta ọkùnrin yẹn, kò sì sí nǹkan míì níbẹ̀ náà. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì ẹ̀, àwọn ọkọ ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù wa sinmi. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi ń gbé òkúta bọ̀, wọ́n á bẹ Bàbá lóhùn jẹ́jẹ́ pé kó bá àwọn lọ ìlà kejì kúrò. Onísùúrù náà wá. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí ìyàwó ẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbogbo ẹ̀, kó ku orúkọ, tó tún wá ní òun ń ro ti orúkọ lọ́wọ́. Bàbá kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà oúnjẹ mọ́. Àwa là ń ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, Màámi ń ká aṣọ lẹ́yìn ilé, ó ku aṣọ ibùsùn ńlá kan tó fẹ̀ ju apá ẹ̀ lọ. Èmi ń fún Ọ̀gá lọ́yàn níbi fèrèsé. Bàbá jáde láti ṣọ́ọ̀bù, ó ti fọ ọwọ́. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ ọ̀hún sí.

"Kí ni kí n ṣe?" ó ní.

Màámi wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá oníbàárà kan wà níbì kan tó ń wò wọ́n. Kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ di etí ibẹ̀ yẹn mú."

Bàbá dì í mú, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó fà á. Aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Màámi.

"Ẹ rọra, Bàbá wọn," ó ní. "Kì í ṣe òkúta."

Ó rọra fà á.